Èsì sí àbá “ìpààrọ̀ orúnkún”

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé kí a máa pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún àgbàlagbà tí oríkèé ríro ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ ní “ìpààrọ̀ orúnkún” kú iṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó sì rọrùn lẹ́nu. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, ohun tí màmá kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, “Orúnkún ta ni ẹ fẹ́ fún mi?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Kí ni oníṣẹ́ abẹ ń ṣe gan-an? Awọ funfun tó ń dán lórí egungun, irú èyí tí gbogbo wa ti rí lórí egungun itan adìyẹ, ló ti gbó tán, tí egungun wá ń ha egungun. Dókítà yóò rẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò ní ìsàlẹ̀ egungun itan àti lókè egungun ojúgun, yóò fi irin bo ojú méjèèjì, yóò sì fi ike líle sáàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Egungun ṣì jẹ́ ti aláìsàn, iṣan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì sì wà níbẹ̀ tó ń di oríkèé mú. Nígbà mìíràn, apá kan oríkèé náà nìkan ni wọ́n máa ń bò.

Bí a bá dé ọba ládé, ta ló ń sọ pé a pààrọ̀ orí ọba? Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìdé-egungun-nírin”. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn, kí egungun má baà di egúngún.) Ẹni tó bá ní ó gùn jù lè gé e kúrú sí “ìdé-orúnkún”, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí irin sọnù nínú rẹ̀.

“Ìgé-egungun” tí ẹlòmíràn mú wá, fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la egungun ojúgun lókè kí ìwúwo ara lè kúrò ní apá orúnkún tó ti bàjẹ́, yóò dẹ́rù ba aláìsàn ju ti ìṣáájú lọ, torí gígé ẹsẹ̀ ni yóò gbọ́. Àwọn tó ń to egungun ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe nílẹ̀ fún wa. “Ìtún-egungun-to” yóò ṣe é. Ní ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ ihò kékeré láti wo inú orúnkún, èyí tí Kenji Takagi, dókítà ará Japan kan, dánwò lára òkú ní Tokyo ní 1918, mo gba “awò-inú-oríkèé” láìjiyàn.

A kò sì ní láti sọ “ìpààrọ̀” nù. Irin àti ike náà lè gbó tàbí kí wọ́n tú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí dókítà yóò fi yọ ti àtijọ́, tí yóò sì fi tuntun sí i. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni kí ẹ fún ní “ìpààrọ̀”, nítorí ibẹ̀ ni ohun kan ti kúrò tí irú rẹ̀ sì bọ́ sí ipò rẹ̀.