Kí ẹ tó ra ráàkì: ìrírí wa lórí sìtíárìn tó ti lọ

Corolla 2005 ni mò ń wà n'Ìbàdàn níbí, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀kọ̀kọ̀ nígbàkúùgbà tó bá bọ́ sí kòtò, sìtíárìn wá ń ṣe ségesège: màá yí i, ọkọ̀ ò ní tètè dáhùn. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ò tilẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ tó fi ní ráàkì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé yíyí sìtíárìn lọ sí táyà, ló bàjẹ́, kí n lọ ra tókunbọ̀ wá. Owó tó pè, ẹ má bi mí. Mo gbé mọ́tò mi wálé.

Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, mo ti ríìmù àlòkù bọ abẹ́ ṣáàsí, torí jáàkì nìkan kọ́ lèèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé o. Mo di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, mo mì í, ó ń yẹ̀. Mo dì í mú lókè nísàlẹ̀, kò mira. Ká ní tòkè-tìsàlẹ̀ ló ń mì ni, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bẹ́árìn la ò bá wò. Ọmọ mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ń mi sìtíárìn díẹ̀díẹ̀, èmi gbé ọwọ́ lé orí tairọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ táyà: ó ń ta sí mi lọ́wọ́. Rọ́bà rẹ̀ ti ya, gíríìsì ti tán, yanrìn ló kún ibẹ̀. Ráàkì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ra méjì tuntun ní ọjà Gate. Títú rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Píìnì orí nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, pílíásì ń yọ̀ lára ẹ̀. Mo da ọ́ìlì sí i, mo lọ jẹun. Ẹ má fi òòlù lu orí ẹ̀ o! Ẹ tú nọ́ọ̀tì dé ìdajì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá na ẹ̀gbẹ́ irin tí tairọ́ọ̀dù wọ̀ sí. Ẹ óò gbọ́ "pọ́ọ̀", ó ti bọ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń yí ti àtijọ́ kúrò lára ọ̀pá ni mò ń ka iye ìgbà tó yí, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Iye yẹn ni mo fi yí tuntun wọlé, kí táyà má baà la ẹsẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ kí n tó dé ibi aláínmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń to táyà kó dúró gún. 49 Nm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó, la fi ń de nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ lára Corolla yìí. Tí ihò píìnì ò bá ṣe déédéé, ẹ fún un síwájú sí i, ẹ má dẹ̀ ẹ́. Píìnì tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i, kì í ṣe wáyà. Aláínmẹ́ǹtì nìkan ni mo gbé jáde lọ ṣe; ẹni tó ń fi okùn ṣe é nílé, kó máa ṣe tiẹ̀.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Camry Muscle lèmi ní. Mo pààrọ̀ tairọ́ọ̀dù ìta, ariwo ò lọ. Tairọ́ọ̀dù ti inú, ọ̀pá tó wọnú ráàkì, ló kù. Mo ṣí rọ́bà gígùn tó bo ẹ̀gbẹ́ ráàkì, mo mi ọ̀pá yẹn, ó ń jó. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú u ò sí nílé ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò ni mo ti yá a. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí rọ́bà yẹn tí ọ́ìlì dà jáde, ráàkì fúnra ẹ̀ ló ń jò, ẹ wá owó.

—

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, tókunbọ̀ tairọ́ọ̀dù ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti lò ó tó pẹ́?