Ọkọ àbúrò mi ṣẹ́ ẹ lápá: ṣé owó ìtanràn nìkan ló máa san ni?

Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Kubwa ni àbúrò mi ń gbé. Ọmọ odó ni ọkọ ẹ̀ fi ṣẹ́ ẹ lápá ọ̀tún, lójú àwọn ọmọ. Títí di àárọ̀ yìí, èmi ni mò ń bá a so ìró.

Mo ka òfin VAPP ọdún 2015, ìyẹn òfin tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀. Ẹni tó bá lu ìyàwó ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò ju ọdún 3 lọ, tàbí ìtanràn tí ò ju ₦200,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá fi nǹkan ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 5, àmọ́ ìtanràn tiẹ̀ ò ju ₦100,000! Ó dùn mí wọra. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń fi kan irú ọkọ bẹ́ẹ̀? Ṣé adájọ́ máa ń wo ti àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, àti pé kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí?

Bàbá kan láti ìdílé ọkọ ní Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, gbà kí ọkọ bá ìyàwó wí. Òfin yẹn kan náà ní kò gbọdọ̀ di ìpalára ńlá, eegun tó kán sì wà lára ẹ̀.

Wọ́n ti ń wá bẹ̀bẹ̀ báyìí. Tí àbúrò mi bá ní òun ti dárí jì í, ṣé ẹjọ́ parí nìyẹn, àbí ìjọba ṣì lè máa bá a lọ?