Ta ló mọ bí a ṣe ń fi kọfí fọ fíìmù?

Láti Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fíìmù dúdú-òun-funfun ni mo fi ń ya fọ́tò. Owó tí wọ́n ń gbà láti fọ̀ ọ́ níbí ti ga jù. Wọ́n ní kọfí lè fọ̀ ọ́ nílé, ṣé òótọ́ ni? Mo ní ọmọ kékeré, mi ò fẹ́ kẹ́míkà líle.

Láti London: Àbúrò, òótọ́ ni. Caffenol ni wọ́n ń pè é. Kíláàsì kan ní Rochester Institute of Technology, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 1995. Ra kọfí lúbúlúbú olówó pọ́ọ́kú, ó ti tó.

Fún ìdajì lítà omi: sódà ìfọṣọ tí kò lómi nínú, gíráàmù 27; fítámì C gidi, 8; kọfí, 20. Fara balẹ̀ síbí o. Soda crystals tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì níbí, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó o bá wọn 27, ojúlówó sódà 10 péré lo rí. Gíráàmù 73 ni kó o wọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn àwòrán orí fíìmù, á rí bàìbàì, wàá máa bínú sí kámẹ́rà. Bicarbonate tí a fi ń ṣe kéèkì, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Sódà ni kó o kọ́kọ́ yọ́. Crystals yẹn máa ń mú omi tutù bó ṣe ń yọ́, torí náà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó o lò. Da fítámì C sí i, á hó yaya díẹ̀. Kọfí ló kẹ́yìn. Jẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ lọ, kó o wò ó kó jẹ́ 20°C. Ìṣẹ́jú 15 nínú tánkì tí a fi ń fọ fíìmù. Máa dorí tánkì kodò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó o bá pò ó ni kó o lò ó, kì í pẹ́ bàjẹ́. Sì ṣí fèrèsé, òórùn rẹ̀ ò dáa rárá!

Láti Houston: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ara páálí sódà yín. Tí wọ́n bá kọ monohydrate sí i, ìyẹn ni pé omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, gíráàmù 32 ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

Láti Leeds: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Fíksà, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró lórí fíìmù, ńkọ́? Ṣé kọfí lè ṣe ìyẹn náà?

Láti London: Rárá o, rà á. Fi omi ṣan fíìmù kó o tó dà á sí i, kó o sì gbé e jìnnà sí ọmọ. Èyí tó o bá lò tán, fàdákà inú fíìmù ti wọ inú rẹ̀, má dà á sí síńkì. Rọ ọ́ sínú ike, kó o bi káńsù yín léèrè ibi tí wọ́n ti ń gba kẹ́míkà.