Wọ́n bi mí ní orúkọ ọkọ̀

Mo ti ka ìtàn tí gbogbo yín sọ nípa mùsíọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ìlọrin ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní London mú mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Greenwich. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, láti 1937 ni wọ́n sì ti ṣí i.

Ìta ni mo ti kọ́kọ́ dúró. Àwòṣe ọkọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wà nínú ìgò ńlá kan, gbogbo ìgbòkun rẹ̀, 37, ańkárá ni! Yinka Shonibare ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tó dàgbà l'Ékòó. Irú aṣọ tí ìyá mi ń tà lọ́jà Owódé ni mo ń wò yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Nínú ilé, mo rí ẹ̀wù Nelson fúnra rẹ̀, ihò ọta ìbọn tó pa á ní 1805 ṣì wà léjìká, ṣùgbọ́n n ò pẹ́ níbẹ̀.

Ibi ìwé àtijọ́ ni ọkàn mi wà, ibi tí wọ́n ń pè ní Caird Library. Wọ́n forúkọ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n fi bíró sílẹ̀, pẹ́ńsùlù nìkan ni mo lè mú wọlé. Mo sọ fún obìnrin tó wà níbẹ̀ pé ọkọ̀ òyìnbó kan tó fọ́ sódò Ọya ní Jẹ́bà ni mo ń wá. Ó fi sùúrù bi mí pé, "Kí lorúkọ ọkọ̀ náà? Ọdún wo ni?"

N ò mọ orúkọ. N ò mọ ọdún. Ó dùn mí wọra. Mélòó ni mo ti wọ rélùwéè láti Ọ̀fà kọjá ní Jẹ́bà!

Mo jáde, mo pe bàbá mi. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó fọ́ ní Jẹ́bà lọ́jọ́sí, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Dayspring ni. 1857. Baikie ni olórí wọn. Àjàyí Crowther wà nínú ẹ̀, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Glover náà. Àpáta ló fọ́ ọ. Ṣé o ò rántí ni? Mo sọ ọ́ fún ẹ nínú rélùwéè."

Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Ìwé ìrìn-àjò náà dé iwájú mi. Oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ náà fọ́. Bí ọdún kan gbáko ni àwọn kan fi wà létí odò kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbé wọn. Glover fẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Èkó, lọ wá oúnjẹ àti ẹrù fún wọn. Ẹni yẹn náà ló wá di gómìnà Èkó. Mo da ojúewé mẹ́rin kọ títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, èmi àti Bàbá wọ mọ́tò lọ sí Jẹ́bà. Irin Dayspring tó ṣẹ́ kù wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ. Mo kà á tán.

Wọ́n ní, "Tún ibi tí Glover ti ń lọ sí Èkó yẹn kà."