Wọ́n ti àkáǹtì ìpolówó ọjà mi pa nítorí káàdì tí mo fi sanwó

Aláàdìrẹ Ìtòkú:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sì fi ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi tó wà ní London àti Houston. Láti ọdún 2022 tí àwọn báńkì wa ti dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná sókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, tí púpọ̀ nínú wọn sì wá dá a dúró pátápátá, káàdì dọ́là orí fóònù ni mo ń lò. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Manchester yọ̀ǹda káàdì tirẹ̀ fún mi, kí ọjà ọdún má baà fo mí ru. Kò pẹ́ sí i ni iléeṣẹ́ tí mo ń polówó lọ́dọ̀ wọn ti àkáǹtì mi pa. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìkìlọ̀ pupa tó wà lókè ojú ìwé náà kò ju pé ọ̀nà tí mo gbà ń sanwó ń mú ìfura wá.

Ṣé kí n fi ímeèlì ìyàwó mi ṣí òmíràn ni, àbí kí n kọ̀wé sí wọn? Owó mi tó kù nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹnìkan tún ti fi lọ̀ mí pé òun lè yá mi ní àkáǹtì tí kò ní wàhálà, tí n ó máa sanwó rẹ̀ fún òun lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí aṣọ ti wà lọ́dọ̀ àwọn aláró, mo sì ti sanwó iṣẹ́ wọn.

Òṣìṣẹ́ Ìpolówó, Ìkẹjà:

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kò dárúkọ iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Google Ads, ìyẹn ètò ìpolówó Google, ni mo mọ̀ dunjú, òun ni n ó fi ṣàlàyé, ìlànà àwọn yòókù kò sì jìnnà sí i.

Ẹ má ṣí àkáǹtì mìíràn, ìbáà jẹ́ lórúkọ yín tàbí lórúkọ ìyàwó yín. Lọ́dọ̀ Google, ẹni tí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, tó sì ṣí òmíràn kí ìpolówó rẹ̀ lè máa lọ, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní circumventing systems, ìyẹn fífi ọgbọ́n yẹ ìlànà wọn sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kì í kìlọ̀ fún èèyàn lé lórí kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé àkáǹtì méjèèjì tan mọ́ra, wọn yóò ti èkejì pa pẹ̀lú, ìyàwó yín tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á wá di ara ẹjọ́.

Àwọn kan máa ń da irú èyí pọ̀ mọ́ ètò tí Google gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, níbi tó jẹ́ pé ìkìlọ̀ lásán ló ń kọ́kọ́ wá, tí ìpolówó á wá dúró fún ọjọ́ 3 bí èèyàn bá tún ṣẹ̀, lẹ́yìn náà fún ọjọ́ 7, kí ọ̀rọ̀ tó di títì pa. Ọ̀rọ̀ ìsanwó kò sí nínú ètò yẹn, nítorí náà, ẹ má máa ka ọjọ́ pé ó máa fúnra rẹ̀ ṣí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ wọn rí. Àkáǹtì kan wà tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, tó ti ń fi káàdì kan sanwó bọ̀. Lójijì, káàdì náà kọ̀, káàdì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn sì wọlé dípò rẹ̀, owó tí wọ́n ń ná sórí ìpolówó tún pọ̀ sí i nítorí ọdún. Bí ẹni tó jí káàdì oníkáàdì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò sí bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ̀ pé àna yín ló ṣàánú yín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn, kí ẹ sì fi ìwé gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wọlé sínú àkáǹtì náà. Wọn kò lé yín síta. Ẹ ṣì lè rí àkọsílẹ̀ ìpolówó àti ti owó, ìpolówó nìkan ni kò lè jáde. Inú ìkìlọ̀ yẹn ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè àtúnyẹ̀wò wà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ bá ìwé ìdánimọ̀ yín mu, kí ẹ sì tọ́jú ìwé báńkì tó fi nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn lára káàdì hàn, torí pé wọ́n lè béèrè fún un. Ẹ má fi gbogbo nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ní ti ìwé ẹ̀bẹ̀, mo fẹ́ kó mọ báyìí: “Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà l'Abẹ́òkúta, sáìtì mi nìyí. Ní ọjọ́ báyìí, káàdì mi kò ṣiṣẹ́, mo sì fi ti àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Manchester sanwó, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Mo ti gba káàdì tó wà lórúkọ ara mi, òun nìkan ni n ó máa lò. Ìwé ẹ̀rí rèé.” Kò gba ẹkún, kò sì gba ìhàlẹ̀ agbẹjọ́rò. Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró gba èsì kí ẹ tó kọ òmíràn.

Ọmọ Ọ̀yọ́:

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà, ẹ má bínú o. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló tọ̀nà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọjà ọdún kì í dúró de àtúnyẹ̀wò. Mo mọ àwọn tó ń yá àkáǹtì lò, tí ọjà wọn sì ń lọ geerege. Bí èèyàn bá ti mọ ẹni tó ń yá a, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Dúdú, Òṣogbo:

Ọmọ Ọ̀yọ́, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ ìpolówó tó ń bá oníbàárà bójú tó àkáǹtì oníbàárà náà kò lòdì sófin rárá. Ẹni tó ń fi àkáǹtì ẹlòmíràn ṣòwò fún àwọn tí wọ́n ti ti tiwọn pa ni mò ń sọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó yín máa wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn oníbàárà yín ń wá máa wà, bí wọ́n bá sì ti tirẹ̀ náà pa, ẹ kò lẹ́nu láti fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ayánilò yìí kì í sọ. Láti ọdún 2020 ni Google ti ń béèrè pé kí olùpolówó fi ẹni tó jẹ́ hàn, orúkọ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì wà níbi tí ẹni tó rí ìpolówó lè tẹ̀ kó sì kà á. Oníbàárà tó wà ní Houston, tí ẹ̀rù jìbìtì ti ń bà tẹ́lẹ̀, tẹ ìpolówó àdìrẹ Abẹ́òkúta, ó wá bá orúkọ iléeṣẹ́ kan láti ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ṣé ẹni yẹn á ra aṣọ?

Ní ti owó tó kù, bí ẹ bá fúnra yín pa àkáǹtì rẹ́ ni Google máa ń yọ gbèsè tí ẹ jẹ, tí wọ́n á sì dá ìyókù padà, ṣùgbọ́n ibi tí owó ti wá ló ń padà sí. Nítorí náà, kí àna yín má tíì pa káàdì Manchester yẹn rẹ́, kí ẹ̀yin náà má sì pa àkáǹtì ìpolówó yín rẹ́ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹnìkan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ fẹjọ́ sun ARCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà. Ohun tí ìpolówó ń sọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, tí wọ́n béèrè 30 bílíọ̀nù náírà, ẹ̀sùn wọn ni pé ìpolówó tí àwọn kò yẹ̀ wò ń jáde. Àkáǹtì tí wọ́n tì kì í ṣe ẹjọ́ tiwọn.

Aláàdìrẹ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ àkáǹtì àyálò ti parí lọ́dọ̀ mi. Ohun kan ló kù: mo ní káàdì àkáǹtì dọ́là ní báńkì, ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀, orúkọ tèmi ló sì wà lórí àkáǹtì ìpolówó. Ṣé wọn kò ní sọ pé ajèjì tún ni?

Òṣìṣẹ́ Ìpolówó, Ìkẹjà:

Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá ṣàlàyé. Bí ẹ bá ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti èyí tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín kún ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà bó ṣe wà lórí ìwé CAC gẹ́lẹ́, kódà bí àmì ìdánudúró kan bá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ gba káàdì dọ́là tó wà lórúkọ ara yín ní báńkì kí ẹ tó fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́.