Ti Sípéènì ní 1808: ṣé "ọ̀tẹ̀" ni?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó lò: kí á pe ohun tí àwọn ará Sípéènì ṣe sí ọmọ ogun Napoleon, olú ọba Faransé, ní "ọ̀tẹ̀", kí á sì pe guerrilla, ìjà tí wọ́n fi ń lúgọ de ọ̀tá, ní "ogun kékeré". N ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ fúnni là ń ṣọ̀tẹ̀ sí. Ní 2 Oṣù Karùn-ún 1808, nígbà tí àwọn ará Madrid yọ ọ̀bẹ sí àwọn ọmọ ogun Murat, ọ̀gágun Napoleon, Joseph ẹ̀gbọ́n Napoleon kò tíì jọba Sípéènì. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Napoleon fi túláàsì gba adé Sípéènì lọ́wọ́ Ọba Charles Kẹrin àti Ferdinand ọmọ rẹ̀ ní ìlú Bayonne ní Faransé. Orúkọ Ferdinand yìí ni àwọn tó dìde fi ń jà. Murat ló pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, tó ní kí wọ́n yìnbọn pa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká ohun ìjà mọ́ lọ́wọ́. Ṣé ẹnu rẹ̀ la fẹ́ fi sọ̀rọ̀? "Ìdìde ará ìlú" tó mi.

Lóòótọ́, "ogun kékeré" ni guerrilla lédè Sípéènì, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìjà ráńpẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ogun náà wọ 1814. Juan Martín Díez, àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní El Empecinado, a máa lúgọ de àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti oúnjẹ fún Faransé. A ní "ibùba" nílé. Ogun ibùba ni.

Ẹ óò ní "ajàjàgbara" ńkọ́? Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ní 1809 àwọn tó ń ṣèjọba lórúkọ Ferdinand yọ̀ǹda kí wọ́n máa kó ẹrù ọ̀tá fún ara wọn, àwọn mìíràn sì ń kó ti àgbẹ̀ mọ́ ọn. "Ibùba" kò yìn wọ́n, kò bú wọn.

Ẹ má kàn na "ibùba" dé ìlú Zaragoza. Inú ìlú ni wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n ń jà láti ilé dé ilé títí di Oṣù Kejì 1809. Ìdótì nìyẹn.

Ti Francisco Espoz y Mina, olórí àwọn tó ń bá Faransé jà ní ẹkùn Navarra, ló kù. Ibùba ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, ó sì ń gba owó oníbodè. Ṣé jagunjagun ibùba ṣì ni, àbí ká kúkú pè é ní balógun?