Ẹ̀yin tí ọkàn yín kì í balẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá mọ ibi tọ́rọ̀ já sí, ẹ sọ tiyín

Ìyá Dúró: Ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi kúrò n'Íbàdàn láago 4, Èkó ló ń bọ̀. Nígbà tó di aago 7, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ìgbà 41 ni mo pè é. Mo pe àbúrò ẹ̀, mo pe ọ̀gá ẹ̀, mo ti ń wá ẹni tó mọ èèyàn ní Road Safety. Aago 9 ló wọlé, ó gbé búrẹ́dì dání. Ó há sínú gosíló ní Mówe, fóònù sì kú. Mo sunkún tán, mo wá bá a jà. Ṣé èmi nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ìgbà 41! Fóònù tiyín ò kú ni?

Àǹkẹ́: Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. AS lèmi àti bàbá ọmọ mi. Wọ́n ti sọ fún wa pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn oní-sickle cell. Mo bímọ tán, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Oṣù 7 gbáko, bí mo bá jí lóru, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ẹ̀, bóyá ó ń wú. Mo rù débi pé ìyá mi rò pé èmi gan-an ni mò ń ṣàìsàn. Nígbà tí èsì jáde, SS ni. Ẹ má bú mi o, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó sùn.

Alhaji Ìlọrin: Irọ́. Abiyamọ wo ló máa gbọ́ SS táá sùn? Àárẹ̀ ló gbé yín lọ.

Àǹkẹ́: Alhaji, kí èsì tó dé, ọgọ́rùn-ún ọ̀nà lọmọ yẹn ń gbà kú lọ́kàn mi lójúmọ́. Nígbà tó dé, iṣẹ́ ló kù: folic acid, oògùn ibà, omi, ọjọ́ kílíníìkì. Ó ti pé ọdún 9 báyìí, kẹ̀kẹ́ ló ń yọ mí lẹ́nu fún.

Wálé London: Òótọ́ ni Àǹkẹ́ sọ. Ní 2016, University College London fi èèyàn 45 ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà: kí wọ́n méfò bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta. Tí ejò bá wà, iná mànàmáná á ta wọ́n lọ́wọ́. Ìgbà tó bá jẹ́ bóyá-bẹ́ẹ̀-ni-bóyá-bẹ́ẹ̀-kọ́ lara wọn kì í lélẹ̀ jù, ju ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé iná ń bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àwọn oníná àdúgbò wa ń ṣe irú ẹ̀ fún wa lójoojúmọ́. A ò mọ̀gbà tó ń bọ̀, a ò mọ̀gbà tó ń lọ.

Bàbá Sámúẹ́lì: Àìnígbàgbọ́ ni gbogbo eléyìí. Ẹ gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Bàbá, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo tún ń padà lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ni mo máa ń pe tíṣà ọmọ mi. Ẹni tí mo lọ bá fún ìtọ́jú ò sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ó ní kí n má pè kó tó di aago 2. Ó ní ìpè yẹn gan-an ni oúnjẹ ẹ̀rù. Lọ́jọ́ kìíní, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo jókòó sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, aago 2 kọjá, mi ò rántí.

Ìyá Dúró: Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí n máa pè é?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Ẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá Dúró: Hùn.

Sísí Ọ̀ṣogbo: Ẹ dúró ná. Gosíló há a mọ́nú ọkọ̀, fóònù kú, ó wá ráyè ra búrẹ́dì?

Alhaji Ìlọrin: Wọ́n ń kiri búrẹ́dì nínú gosíló, ṣé ẹ ò gba ọ̀nà yẹn rí ni?

Ìyá Dúró: Sísí, ẹ ò ṣeun. Mo ti fẹ́ sùn tẹ́lẹ̀ o.